Kí Ni Ká Gbìn Síbi Tí Omi Ń Dúró Sí? Àgbéyẹ̀wò Láti Àkùrọ̀ Sókótó

Ẹni tó bá dé Babbar Kasuwa ní Sókótó láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ omi nínú ìlú tí òjò rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju oṣù mẹ́rin lọ. Àlùbọ́sà pupa wà nínú àpò, tòmátì wà nínú apẹ̀rẹ̀, ata, káróòtì, ọ̀dùnkún àti aáyù sì wà nílẹ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ. Òjò kọ́ ló tọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dàgbà. Ilẹ̀ tútù etí odò Rima ni wọ́n ti wá, láti Kware, Wurno àti Goronyo, irú ilẹ̀ tí àwọn Haúsá ń pè ní fadama, tí àwa Yorùbá mọ̀ sí àkùrọ̀. Àlùbọ́sà ibẹ̀ kò sì dúró sí Sókótó nìkan: ó ń bá ọkọ̀ akẹ́rù dé Mile 12 l'Ékòó, ó ń dé Bódìjà n'Íbàdàn, inú ọbẹ̀ wa ló ń parí ìrìn àjò rẹ̀ sí.

Ìbéèrè ohun tó yẹ ká gbìn síbi tí omi ń dúró sí kò tíì rọrùn rí. Lóde òní, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń bi í. Tẹ́lẹ̀, àgbẹ̀ ni. Báyìí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, tó gbẹ́ adágún kékeré sí àgbàlá, tó fi símẹ́ǹtì tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó sì rí àwòrán ewéko kan lórí fóònù, òun náà ń bi í. Ewéko inú àwòrán yẹn dúró ṣánṣán bí ọparun tín-ín-rín, kò ní ewé tó ṣeé rí, ó ní oríkèé bí ìrèké, òrùka dúdú sì wà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Àwọn òyìnbó ń pè é ní horsetail, Equisetum sì ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko. N ó máa pè é ní ìrù ẹṣin níhìn-ín. Ó lẹ́wà, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ewéko ni a kọ́kọ́ ń sọ nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ omi ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ. Bí omi ṣe ń wọlé síbì kan, àti bí ó ṣe ń jáde, ló ń pinnu ohun tí yóò hù níbẹ̀, yálà a gbìn ín tàbí a kò gbìn ín.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ mọ ìrù ẹṣin dáadáa ná. Kò ní òdòdó, kò ní èso, kò ní irúgbìn. Lẹ́búlẹ́bú kan ló ń tú jáde láti orí rẹ̀, bíi ti àwọn ewéko tó máa ń so mọ́ ara igi ọ̀pẹ nílẹ̀ wa, àwọn onímọ̀ sì ti kà á mọ́ ìbátan wọn báyìí. Ìdílé rẹ̀ ti pẹ́ láyé gan-an: ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 300 ọdún sẹ́yìn, àwọn ìbátan rẹ̀ jẹ́ igi ńlá tó ga tó ogún mítà, tó kún inú àbàtà ayé ìgbà náà. Wọ́n wà lára àwọn igi tó di èédú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń wa ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi nígbà kan rí. Èédú Enugu tiwa kò sí lára èyí, nítorí ayé ti yí padà kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ìdílé ńlá náà, ẹ̀yà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ló ṣẹ́kù láyé báyìí, gbogbo wọn sì jẹ́ koríko. Ilẹ̀ olótùútù Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Ọ̀kan wà ní etí Òkun Mẹditaréníà àti ní gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí lára ewéko àbínibí Nàìjíríà.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀ ni pé ara rẹ̀ le, ó sì rí háráhárá. Ó ń fa èròjà inú iyanrìn, silica, láti inú ilẹ̀, ó sì ń kó o pamọ́ sí awọ ara rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ará Yúróòpù ìgbà kan fi ń bó ìkòkò àti agolo pẹ̀lú rẹ̀, tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Japan sì fi ń dán igi. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi ewé ìpín bó igbá tàbí dán ère ní ilẹ̀ Yorùbá mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. A ti ní tiwa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, orí igi ló sì ń gbé, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú omi.

Ìyọnu ìrù ẹṣin wà lábẹ́ ilẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn, ó lè wọlẹ̀ tó mítà méjì, ó sì ń yọ ọmọ sókè níbi tó bá wù ú. Bí a bá gé e wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ọkọ́, ègé kọ̀ọ̀kan lè di ewéko tuntun. Oògùn apakoríko kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, nítorí awọ líle yẹn kì í jẹ́ kí oògùn wọlé. Àwọn Yorùbá ìlú Lọ́ńdọ̀nù tó gba ilẹ̀ kékeré lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí i nígbà ooru, wà lára àwọn tó lè rojọ́ rẹ̀ fún wa. Lọ́hùn-ún, ó ń hù láàárín ẹ̀fọ́, ó ń dá ojú ọ̀nà ọlọ́dà lu, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n fi ń gé e léraléra kó tó rẹ̀ ẹ́. Ọsirélíà àti New Zealand tilẹ̀ kà á sí koríko àfòfindè.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ ní gbangba. Inú ìkòkò tí kò ní ihò nísàlẹ̀ ni kó gbìn ín sí, kó fi amọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kó wá gbé ìkòkò náà sínú adágún. Omi kò gbọdọ̀ bo ìdí rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ. Orí tó ń tú lẹ́búlẹ́bú, gígé ni, kó tó gbó. Ní gbogbo ọdún kejì tàbí ẹ̀kẹta, kó gbé ìkòkò sókè, kó pín in, kó sì sun ohun tó bá ṣẹ́kù. Sísun ni mo wí, kì í ṣe dídà sí gọ́tà. Gọ́tà Sókótó ń lọ sódò, odò sì ń lọ sóko olóko.

Ọ̀ràn mìíràn wà tó kan Sókótó ju ibòmíràn lọ. Ìlú ẹṣin ni. Ẹṣin ọba, ẹṣin ọdún Iléyá, kò sí ìgbà tí ẹṣin kì í nílò koríko gbígbẹ níbẹ̀. Ìrù ẹṣin, pẹ̀lú orúkọ tí a fún un, jẹ́ májèlé fún ẹṣin: ó ní èròjà kan tó ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara ẹranko náà, èyí tí ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbọ̀n, kó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kó sì lè kú. Gbígbẹ kò sì mú májèlé yìí kúrò. Ẹṣin lè yẹra fún un lórí pápá, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dì í mọ́ koríko mìíràn, kò ní mọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbin koríko tó ń da àwọn alákùrọ̀ ìhà àríwá láàmú jù lọ. Kachalla ni àwọn Haúsá ń pè é, Typha ni lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ó ga tó mítà mẹ́ta, ewé rẹ̀ gùn bí idà, orí rẹ̀ dúdú rọ̀gbọ̀dọ̀ bí ọ̀pá àbẹ́là. Orí kan lè ní irúgbìn tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ sì ń gbé wọn bí òwú. Gbòǹgbò rẹ̀ náà ń rìn lábẹ́ ẹrẹ̀. Ọmọ Áfíríkà ni, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Kí ló dé tó fi di ọ̀tá láìpẹ́ yìí?

Ìdáhùn wà nínú ìtàn àwọn ìdídò. Láti ìgbà láéláé, odò Rima àti odò Sókótó máa ń kún nígbà òjò, wọ́n á bo pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí ilẹ̀ yóò fi sán. Àgbẹ̀ ń gbin ìrẹsì bí omi bá ń bọ̀, ó ń gbin àlùbọ́sà bí omi bá ń lọ, ó sì ń fi jigo, ọ̀pá gígùn tí wọ́n so korobá mọ́, fa omi kànga fún ìyókù oṣù. Lẹ́yìn náà ni ìjọba dá Àjọ Ìdàgbàsókè Agbègbè Odò Sókótó àti Rima sílẹ̀ ní ọdún 1973. Ìdídò Bakolori, tó wà ní ìpínlẹ̀ Zamfara báyìí, parí ní ọdún 1978. Ó lè gba mílíọ̀nù 450 kúbíìkì mítà omi. Ti Goronyo tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, mílíọ̀nù 942, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1992. Mi ò ní sọ pé àwọn ìdídò yìí kò wúlò. Mi ò sì ní gbàgbé pé ní ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ Bakolori tó ń bèèrè owó ilẹ̀ wọn bá ìbọn ọlọ́pàá pàdé, ọ̀pọ̀ sì kú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, omi ya Goronyo, ó gbá abúlé àti oko lọ, ó sì já ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa ni pé ìdídò ń jẹ́ kí omi díẹ̀díẹ̀ máa ṣàn ní gbogbo ọdún níbi tó ti máa ń gbẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ọlọ́pàá kachalla. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tó sán, tí màlúù wọlé jẹ ọ̀dọ́ rẹ̀, tí iná pápá sì jó ohun tó kù, kachalla kì í lè borí. Tí omi tín-ín-rín bá dúró láti ọdún dé ọdún, ó ti rí ilé. Agbègbè Hadejia àti Nguru ní Jigawa àti Yobe ni wọ́n ti mọ èyí jù. Lẹ́yìn tí ìdídò Tiga parí ní ọdún 1974 tí Challawa sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1992, kachalla dí ojú odò pa, ó sọ omi sí ọ̀nà tí kò yẹ, apá kan nínú àkùrọ̀ kún jù, apá kejì sì gbẹ. Àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́nu pupa, tí àwọn Haúsá ń pè ní jan baki, sọ igbó rẹ̀ di ilé ìsùn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya bo oko ọkà bàbà, jéró àti ìrẹsì. Sókótó àti Kebbi náà mọ ìyà ẹyẹ yìí, débi pé ọkọ̀ òfuurufú ni ìjọba fi ń fọ́n oògùn sí wọn.

Tí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹjọ́ Nàìjíríà nìkan ni, kó wo odò Senegal. Tẹ́lẹ̀, omi iyọ̀ òkun máa ń gba ẹnu odò náà wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń pa koríko omi. Ní ọdún 1986 wọ́n parí ìdídò Diama lẹ́nu odò kí iyọ̀ má bàa wọlé mọ́, kí àgbẹ̀ lè gbin ìrẹsì. Iyọ̀ kò wọlé mọ́ lóòótọ́. Kachalla ló wọlé, ó sì gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà. Ọgbà ẹyẹ Djoudj, tó wà létí ibẹ̀, tún rí àlejò mìíràn: Salvinia, ewéko tó léfòó tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Brazil, tí kì í ní irúgbìn rárá, ara rẹ̀ tó já ló fi ń pọ̀ sí i. Ó bo ojú omi débi pé àjọ UNESCO kọ orúkọ ọgbà náà sínú ìwé àwọn ibi tó wà nínú ewu ní ọdún 2000. Kòkòrò kékeré kan tí kì í jẹ nǹkan mìíràn ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n sì yọ orúkọ Djoudj kúrò nínú ìwé náà ní ọdún 2006. Ẹ rántí pé ìbátan ìrù ẹṣin ni Salvinia, nínú ìdílé àwọn tí kì í ní òdòdó.

Ti ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí èyí. Ní ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí water hyacinth ní ojú ọ̀sà Badagry, ó gba ọ̀nà omi Benin wọlé. Kò pẹ́ tó fi bo ọ̀sà Èkó àti omi Ìlàjẹ, ọkọ̀ apẹja kò ráyè kọjá, àwọ̀n kò ráyè rì. Àwọn èèyàn wa sọ ọ́ ní gbéborùn, àwọn mìíràn ní olófòófó. Bí ó ṣe kúrò ní Brazil kì í ṣe ohun ìyanu: òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò ló wu àwọn ọlọ́gbà, wọ́n gbé e sínú adágún ọ̀ṣọ́, ó sì fo ògiri. Láti ọdún 1991 ni Benin ti ń tú kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ sílẹ̀, ìyẹn sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní Ìbàdàn, Achenyo Idachaba dá ilé iṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀ ní ọdún 2011, ó ń fi igi rẹ̀ gbígbẹ hun apẹ̀rẹ̀ àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé. Mo kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé a ti rí ojútùú nítorí pé a ti rí ohun tí a lè fi hun. Apẹ̀rẹ̀ kò lè gbé gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀sà. Bákan náà ni èédú ìdáná àti bíríkì tí wọ́n ń fi kachalla ṣe ní Senegal àti Mauritania: ó dára fún ẹni tó ń ṣe é, ó sì dín igi gígé kù, àmọ́ ìdí tí koríko náà fi pọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn omi tí kì í gbẹ.

Kí ni ká wá gbìn? Mo fẹ́ràn àwọn tó ń dúró sójú kan. Ní etí adágún àti etí ipadò, koríko tí àwọn Haúsá ń pè ní jema ni mo máa fi síwájú gbogbo wọn. Ó jẹ́ koríko àbínibí, ìbátan vetiver tí ayé ń yìn, àwọn àgbẹ̀ ìhà àríwá sì ti ń fi í pààlà oko láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdì kan ló ń di, gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ tààrà sísàlẹ̀, kì í sá lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ó ń di ilẹ̀ mú kí omi má wó o, gbòǹgbò rẹ̀ sì ní òórùn dídùn tí wọ́n máa ń fi sínú omi mímu. Ẹni tó fẹ́ ohun tó dúró ṣánṣán bí ìrù ẹṣin lè fi jema rọ́pò rẹ̀, ojú kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láti òkèèrè.

Fún ojú omi fúnra rẹ̀, òṣíbàtà wà. Bado ni àwọn Haúsá ń pè é, wọ́n sì ń jẹ irúgbìn rẹ̀ àti iṣu ìdí rẹ̀, pàápàá nígbà ọ̀wọ́n. Ojú oró, tí a máa ń fi pẹ̀lú òṣíbàtà ṣe àdúrà pé ká lékè, ni n kò ní gbà nímọ̀ràn, ká tilẹ̀ ní àdúrà náà lẹ́nu. Ó ń pọ̀ lójú ẹsẹ̀, irú ẹ̀fọn kan sì wà tí ọmọ rẹ̀ ń gún gbòǹgbò ojú oró nínú omi kó lè mí láti inú rẹ̀, tí kò fi ní wá sókè rárá. Ọ̀rọ̀ ìlera ni wọ́n máa ń gbàgbé nínú ìwé ọgbà. Ìgbín omi tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá fẹ́ràn omi tó dúró tí ewéko wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ nínú ọ̀nà omi ìrinko ní agbègbè Wurno àti Goronyo sì mọ ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ adágún nílé, kó fi ẹja epìyà sí i láti jẹ ọmọ ẹ̀fọn, kó má sì jẹ́ kí ewéko bo ju ìdajì ojú omi lọ.

Fún ẹni tó ní ilẹ̀ tútù tí kì í ṣe adágún, mi ò rò pé ọ̀ṣọ́ kankan ju oúnjẹ lọ. Kókò, ẹ̀fọ́ àti àgbàdo àkùrọ̀ ní gúúsù, àlùbọ́sà àti aáyù ní Sókótó. Iṣẹ́ Fadama tí Báǹkì Àgbáyé kówó sí láti ọdún 1993 fi kànga ẹlẹ́rọ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi rọ́pò jigo lọ́pọ̀ ibi, èrè rẹ̀ sì hàn nínú ọjà. Ohun tó dára nínú ọ̀nà yẹn, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó, ni pé abẹ́ ilẹ̀ ni omi ti ń wá, wákàtí tí àgbẹ̀ bá fẹ́ nìkan ló sì ń dé ojú oko. Lẹ́yìn ìkórè, ilẹ̀ á gbẹ. Kachalla kò rí ibi dúró sí lórí irú oko bẹ́ẹ̀; ọ̀nà omi tí wọ́n fi ìdídò bọ́, tí kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ ẹrẹ̀ inú rẹ̀, ni ó fẹ́ràn.

Nítorí náà, adágún ilé tó ní ihò ìsàlẹ̀ tí a lè ṣí kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà ọyẹ́ sàn ju èyí tó ní ewéko olówó ńlá. Ní ti àwọn tí kachalla ti gba ọ̀nà omi wọn, gígé lásán lókè omi, ìtọ́jú ni ó jẹ́ fún un. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni yóò fi padà. Gbòǹgbò rẹ̀ ń mí láti inú igi tó yọ sókè omi, ì báà jẹ́ tútù ì báà jẹ́ gbígbẹ. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, nígbà tí omi Rima bá lọ sílẹ̀ jù, ni kí gbogbo ẹni tó ń lo ọ̀nà omi kan náà jọ wọlé, kí wọ́n gé e mọ́ ẹrẹ̀ gan-an, kí wọ́n kó igi gbígbẹ rẹ̀ kúrò pẹ̀lú tútù. Tí odò bá kún lẹ́yìn náà, tí omi bo kùkùté rẹ̀, afẹ́fẹ́ tán fún gbòǹgbò, yóò jẹrà. Ẹnì kan ṣoṣo tó gé tirẹ̀ tí aládùúgbò kò gé ń fi owó rẹ̀ ṣòfò ni.